Ilé Tí Kò Bẹ̀rù Ọyẹ́

Bíbélì kíkà: Òwe 31:10-31, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28:1-10

Àkọ́sórí: Òwe 31:21 (Ẹ ṣí Bíbélì yín, kí gbogbo ará ilé kà á pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta)

Ìyá ọba Lémúẹ́lì ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nípa obìnrin oníwà rere. Láàárín ọ̀rọ̀ náà, ó sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kà kọjá. Ó ní obìnrin yìí kì í bẹ̀rù òjò dídì nítorí àwọn ará ilé rẹ̀. Kí ló fà á? Ṣé òjò dídì kì í dé àdúgbò rẹ̀ ni? Rárá o. Ṣé ó gbàdúrà kí òtútù fo ojúlé rẹ̀ kọjá ni? Bíbélì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí kò fi bẹ̀rù ni pé ó ti fi aṣọ òdòdó wọ gbogbo ará ilé rẹ̀. Kíyè sí i pé gbogbo wọn ni. Kì í ṣe àwọn tó lágbára nìkan, kì í ṣe àkọ́bí nìkan. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le náà wà nínú wọn. Halelúyà!

Àwa ará Ẹ̀gbá kò mọ òjò dídì. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Chicago ló ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ṣùgbọ́n a mọ ọyẹ́. Sáàmù 147:16-18 sọ fún wa pé Ọlọ́run kan náà ló ń rán òtútù jáde, òun náà ló sì ń rán ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti yọ́ ọ. Bí ọyẹ́ bá dé Wásinmi, ìlú tí ojú irin àtijọ́ gbà kọjá láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, inú ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń dùn. Láfún tí wọ́n sá á tètè gbẹ, aṣọ tí wọ́n fọ̀ á tètè gbẹ, ẹ̀rọ̀fọ̀ ọ̀nà oko á dópin. Ṣùgbọ́n ilé kan wà tí kì í yọ̀ bí ọyẹ́ bá dé. Ilé tí ọmọ SS wà ni.

Ilé yẹn ni a ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Bí kò bá sì sí nínú ilé tìrẹ, ó dájú pé ó wà nínú ìjọ rẹ.

KÍ NI ÒTÚTÙ Ń ṢE?

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú káàkiri ara. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó rí roboto, ó sì rọ̀, ó ń yọ́ kọjá nínú iṣan tó tín-ín-rín jù lọ. Lára ẹni tó jẹ́ SS, ó lè le gbagidi kó sì tẹ̀ bí dòjé. Àwọn tó tẹ̀ náà á há sínú iṣan, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá, ìrora ńlá á sì bẹ̀rẹ̀ nínú egungun. Ìyẹn ni àwọn ènìyàn ń pè ní kíráísìsì. Lára ohun tó máa ń fà á ni òtútù, àìmu omi tó, ibà àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Ọyẹ́ ń mú òtútù wá láàárọ̀ kùtù, ó sì ń fa omi ara gbẹ lọ́sàn-án. Ìdí nìyí tí ìyá ọmọ SS fi máa ń wo ojú ọ̀run bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé.

Òru ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á ké. Ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ra á lẹ́sẹ̀. Bàbá á dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò á fi aṣọ borí bí ẹni tó sùn, ṣùgbọ́n wọn kò sùn. Ọ̀kadà kò sí lójú ọ̀nà nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ní irú òru yìí, ìbéèrè kan máa ń jáde wá tí ẹnikẹ́ni kì í sọ síta nínú ìjọ: ṣé Ọlọ́run ń gbọ́ wa? Ṣé ìgbàgbọ́ wa ló kéré?

Olùfẹ́, Òwe 31:21 dá ọ lóhùn. Ìgbàgbọ́ kì í ṣe pé kí òtútù má dé. Ìgbàgbọ́ ni pé kí òtútù dé kó bá gbogbo ará ilé nínú aṣọ. Aṣọ mẹ́rin ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí.

AṢỌ KÌÍNÍ: ÒTÍTỌ́

Ilé tí àìsàn bá wọ̀ máa ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ìyá ọkọ á wo ojú ìyàwó, á ní irú èyí kò sí nínú ìran tiwa rí. Ẹlòmíràn á sáré lọ ṣe ìbéèrè, wọ́n á sì sọ fún un pé àgbàlagbà kan nínú ẹbí ló ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Láti ọjọ́ náà ni arúgbó kan yóò ti di ọ̀tá nínú ilé tí òun náà jìyà kọ́.

Nínú Jòhánù 9:1-3, àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù léèrè ẹni tó ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù kò mú ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni yóò hàn lára rẹ̀. Olúwa kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti fi àìsàn ẹlòmíràn ṣe ẹjọ́ rò.

Òtítọ́ tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ nìyí. Ọmọ SS gba S kan lọ́dọ̀ bàbá, ó sì gba S kan lọ́dọ̀ ìyá. Ẹni tó bá jẹ́ AS sábà máa ń ní ìlera pípé, kò sì ní mọ̀ bí kò bá ṣe àyẹ̀wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ń gbé S kan kiri lára, àti pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni à ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè wa. Bí AS bá fẹ́ AS, ní gbogbo ìgbà tí oyún bá dúró, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, ìdá méjì pé yóò jẹ́ AS, ìdá kan pé yóò jẹ́ AA. Àwọn kan rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ní ìṣirò tirẹ̀.

Nítorí náà, ìyá nìkan kọ́, bàbá nìkan kọ́. Bàbá tó bá ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé "ọmọ rẹ tó ń ṣàìsàn yìí" ti gbàgbé pé ìdajì wá láti ara òun.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa orúkọ pẹ̀lú. Àwọn baba wa pe àrùn yìí ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ: ẹni tó dùbúlẹ̀ bí òkú lónìí, tó sì ń rìn lọ́la. Ó ṣeé ṣe pẹ̀lú kí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n pè ní àbíkú láyé ìjọ́sí jẹ́ ọmọ SS. A kò bú àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti ní ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ máa fi orúkọ àrùn pe ènìyàn. Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ gbé ọmọ náà wá síwájú Olúwa, ẹ sì fún un ní orúkọ. Orúkọ yẹn ni kí ẹ máa pè.

Ẹni àkọ́kọ́ tí dókítà ilẹ̀ òkèèrè kọ ìwé nípa sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter Clement Noel. Ó kúrò ní erékùṣù Grenada, níbi tí oòrùn ti ń ràn, ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín ní Chicago ní 1904. Òtútù ilẹ̀ òjò dídì pàdé rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì dá a dúró sí ọsibítù kí ọdún náà tó parí. Ní 1910 ni dókítà James Herrick tẹ ìròyìn àìsàn rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ṣé ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí? Rárá. Noel parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1907, ó padà sílé, ó sì ń tọ́jú eyín àwọn ará ìlú rẹ̀ títí ó fi kú ní 1916. Àìsàn wà lára rẹ̀, iṣẹ́ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Má ṣe sọ pé owó ilé ìwé ọmọ SS yóò ṣòfò. Àmín?

AṢỌ KEJÌ: IṢẸ́ ỌWỌ́

Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28 dáadáa. Ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù rì, wọ́n gúnlẹ̀ sí erékùṣù Mélítà, òjò ń rọ̀, òtútù sì mú. Kí ni àwọn ará ìlú kọ́kọ́ ṣe? Wọ́n dá iná. Bíbélì sì pe iná yẹn ní inú rere tó kọjá ti ojoojúmọ́. Pọ́ọ̀lù kò sọ pé àpọ́sítélì ni òun, òun kò nílò iná. Òun fúnra rẹ̀ ló kó igi jọ! Ní ẹsẹ kẹjọ, Pọ́ọ̀lù kan náà wọ yàrá bàbá Púbílíù tí ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn dè mọ́lẹ̀, ó gbàdúrà, ó gbé ọwọ́ lé e, ara rẹ̀ sì dá. Ọwọ́ tó kó igi ni ọwọ́ tó gbé lé aláìsàn. Lúùkù tó kọ ìtàn náà sílẹ̀ sì jẹ́ oníṣègùn (Kólósè 4:14).

Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí Tímótì láti inú ẹ̀wọ̀n, ó ní kó bá òun mú aṣọ àwọ̀lékè tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì bọ̀, kó sì sa ipá rẹ̀ láti dé kí ìgbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀ (2 Tímótì 4:13, 21). Ẹni tí Ọlọ́run lò láti gbé Yútíkù dìde ló ń béèrè aṣọ òtútù yìí. Bí Pọ́ọ̀lù bá nílò aṣọ, ta ni ìwọ tó fẹ́ fi ìgbàgbọ́ nìkan bo ọmọ lára?

Àwọn baba wa ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí ẹ bá ń gbàdúrà, ẹ máa ṣe nǹkan wọ̀nyí:

1. Aṣọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kí súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà ti wà lára ọmọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kó fi wẹ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ kíákíá. Ẹ fi òrí pa á lára. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ yàrá tí ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa. Afẹ́fẹ́ búburú rẹ̀, tí ojú kì í rí, lè pa gbogbo ilé lójú oorun.

2. Omi. Kó máa mu omi ní gbogbo ọjọ́, kódà bí kò bá gbẹ ẹ́ lọ́fun. Ẹ fún un ní ìgò tirẹ̀ lọ sí ilé ìwé, kí ẹ sì bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó lè máa jáde lọ tọ̀.

3. Oògùn. Ẹ má ṣe dá folic acid ojoojúmọ́ dúró láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ dá a dúró, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tó ń dènà ibà. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò gbọdọ̀ kúrò lórí ibùsùn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Oògùn kan tún wà tó ń jẹ́ hydroxyurea tó ti dín kíráísìsì kù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó yẹ ọmọ yín.

4. Iṣẹ́ ilé. Ẹ má ṣe rán an lọ sódò láàárọ̀ ọyẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kó máa ti ọwọ́ bọ omi ẹ̀gẹ́ tí ẹ rẹ fún láfún. Iṣẹ́ wà tó lè ṣe nílé. Ẹ fún un ní tirẹ̀ kó má baà rò pé òun jẹ́ ẹrù.

5. Àmì ewu. Bí ara rẹ̀ bá gbóná gan-an, bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí mímí ṣòro fún un, bí ojú àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá ṣàdéédé funfun, bí ikùn rẹ̀ bá wú, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ tàbí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, ọsibítù ni, wákàtí náà gan-an. Ẹ máa gbàdúrà lójú ọ̀nà. Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà lórí òkè ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀kadà.

Ọlọ́run kò fi ilẹ̀ Ẹ̀gbá sílẹ̀ láìní ibi ìtọ́jú. Láti 1895 ni Bàbá Coquard, àlùfáà Kátólíìkì, ti bẹ̀rẹ̀ ọsibítù Sacred Heart ní Lántòrò, Abẹ́òkúta. Federal Medical Centre sì wà ní Ìdí-Abà. Ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí òru ìrora tó dé. Ẹ mọ ẹni tó ní ọkọ̀ ládùúgbò yín, kí ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì ti bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan ìjọ. Oṣù Kìíní tí a máa ń gbààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún gan-an ni ọyẹ́ máa ń mú. Ọmọ SS tó bá gba ààwẹ̀ láìmu omi ń fi ara rẹ̀ lé ìrora lọ́wọ́. Bákan náà ni ìṣọ́ òru ìparí ọdún ní gbangba, nínú òtútù. Ẹ̀yin òbí, ẹ gba ààwẹ̀ náà fún un. Ẹ̀yin olùṣọ́ àgùntàn, ẹ sọ ọ́ láti orí pẹpẹ kí ojú má ti ọmọ náà láti mu omi láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run tó dá kíndìnrín ló mọ̀ pé omi kì í ba àdúrà jẹ́.

AṢỌ KẸTA: ÈNÌYÀN

Nínú Máàkù 2:1-12, ènìyàn mẹ́rin ló gbé arọ kan wá sọ́dọ̀ Jésù. Wọn kò rí ọ̀nà, wọ́n gun òkè ilé, wọ́n ṣí òrùlé, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹsẹ karùn-ún sọ pé Jésù rí ìgbàgbọ́ WỌN. Kì í ṣe ìgbàgbọ́ arọ náà nìkan. Ará, bí ìrora bá mú ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gbàdúrà, ṣé Ọlọ́run yóò bá a wí ni? Rárá. Ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé ibùsùn rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀ fún un. Ìwọ ọmọ SS tó ń ka ìwé yìí, bí o bá ti ké ní òru títí tí o kò fi rántí ẹsẹ Bíbélì kan, Ọlọ́run kò kà á sí ọ lọ́rùn. Àwọn tó jókòó tì ọ́ ń gbàgbọ́ fún ọ.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, dé láti òkè òkun pẹ̀lú ìmọ̀ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ. Láyé ìgbà yẹn, ògiri gíga ni wọ́n fi ń ya irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn rẹ̀. Ní 1954, ní Aró, Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn. Aláìsàn yóò wá pẹ̀lú ó kéré tán ẹbí kan. Wọn yóò gba yàrá ní abúlé tó yí ọsibítù ká. Ẹbí yẹn yóò máa dáná, yóò máa fọ aṣọ, yóò máa mú un lọ gba ìtọ́jú, wọn yóò sì jọ padà sí abúlé. Oògùn àti abẹ́rẹ́ wà, ṣùgbọ́n ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń sun yàrá kan náà wà pẹ̀lú. Káàkiri ayé ni àwọn oníṣègùn ti gbọ́ nípa ètò Aró, Lambo sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àrùn ọpọlọ kọ́ ni SS, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: aláìsàn tí ènìyàn rẹ̀ yí ká kò dà bí aláìsàn tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ta wá ni ènìyàn mẹ́rin tó gbé ibùsùn ilé tiyín?

Bàbá ni ẹni kìíní. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe fi ìrora ọmọ sílẹ̀ fún ìyá nìkan. Ọkùnrin kan lè máa san owó ọsibítù síbẹ̀ kó má sí nílé. Ẹ jókòó ti ọmọ náà. Ẹ bá a mú ọwọ́.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ẹnì kejì. Àwọn wọ̀nyí máa ń jìyà láìsọ̀rọ̀. Ẹran tó tóbi jù kì í ṣe tiwọn, aṣọ tuntun kì í ṣe tiwọn, nǹkan kékeré ni wọ́n sì fi ń bá wọn wí nítorí pé ọkàn ìyá ti rẹ̀. Ẹ ya àkókò sọ́tọ̀ fún wọn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lójú gbogbo ilé.

Ẹbí ni ẹnì kẹta. Ìyá ọkọ tó bá gba ọmọ mọ́ra kí ìyàwó lè sùn wákàtí méjì ti wàásù ju ẹni tó gba gbohùngbohùn lọ.

Ìjọ ni ẹnì kẹrin. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù kọ́kọ́ dé, ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀ (Jóòbù 2:13). Ohun tó dára jù lọ tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Bí ẹ bá lọ kí ilé tó ń ṣàìsàn, ẹ gbé omi, ẹ gbé igi ìdáná, ẹ gbé ọbẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ìran tí Ọlọ́run kò fi hàn yín.

AṢỌ KẸRIN: ÀDÚRÀ TÍ KÌ Í PARỌ́

A gbàgbọ́ nínú ìwòsàn. Jésù tó wo ìyá ìyàwó Pétérù sàn nínú ilé ṣì ń wọ inú ilé. Jákọ́bù 5:14-15 pàṣẹ pé kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ, kí wọ́n gbàdúrà lórí rẹ̀, kí wọ́n fi òróró yàn án lórúkọ Olúwa. Ẹ béèrè ìwòsàn pátápátá. Ẹ má ṣe bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ èérún.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àdúrà yín jẹ́ òtítọ́. Nínú ìwé kan náà tí Pọ́ọ̀lù ti béèrè aṣọ, ó sọ pé òun fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn (2 Tímótì 4:20). Pọ́ọ̀lù kò fi í pamọ́. Kò ní ìgbàgbọ́ Tírófímù kéré. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, ó sì ń bá iṣẹ́ Olúwa lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Ọlọ́run ti sọ SS ọmọ yín di AA, ẹ má ṣe da oògùn nù. Nígbà tí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ké pe Jésù, ó rán wọn lọ fi ara hàn fún àlùfáà, ẹni tí òfin yàn láti yẹ̀ wọ́n wò (Lúùkù 17:14). Ìwòsàn tó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá kì í sá fún àyẹ̀wò. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ibi tó dára, lẹ́ẹ̀mejì bó bá ṣeé ṣe. Dókítà ni kó sọ pé kí ẹ dá oògùn dúró. Ọmọ tí ó jókòó nínú ọyẹ́ láìlo oògùn nítorí ọ̀rọ̀ ènìyàn, ta ni yóò dáhùn fún un níwájú Ọlọ́run?

Bí èsì bá sì tún jẹ́ SS, Ọlọ́run kò purọ́. Nígbà tí Jésù jí ọmọbìnrin Jáírù dìde, ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni pé kí wọ́n fún un ní oúnjẹ (Máàkù 5:43). Olúwa ṣe iṣẹ́ tí ìyá kò lè ṣe, ó sì fi iṣẹ́ ìyá sílẹ̀ fún ìyá. Ọdún kan tí ọmọ fi kọjá láìwọ ọsibítù jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ mú un wá síwájú ìjọ. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ SS ló ń dàgbà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń tọ́ ọmọ tiwọn. Ní 2023, ìjọba ilẹ̀ Britain àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun fún àìsàn náà. Owó rẹ̀ ṣì ga gan-an, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ọlọ́run kì í kánjú, kì í sì í pẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan fún ilé tó ti sin ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún ìyá bẹ́ẹ̀ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Dáfídì gbààwẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì kú. Dáfídì sọ pé òun ni yóò lọ bá a, òun kò lè padà wá bá òun (2 Sámúẹ́lì 12:23). Ìrètí kò kú pẹ̀lú ọmọ. Olúwa yóò nu omijé yín nù. Àmín.

SÍ Ẹ̀YIN TÓ Ń FẸ́RA SỌ́NÀ

Ẹ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kí ìfẹ́ tó wọra. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, nígbà tí aṣọ ẹbí ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. Bí ìwọ àti ẹni tí o fẹ́ bá jẹ́ AS, ẹ má ṣe sọ pé ìfẹ́ yóò borí rẹ̀. Ìfẹ́ tòótọ́ máa ń ro ti ọmọ tí kò tíì dé. Ẹ lọ jókòó pẹ̀lú olùṣọ́ àgùntàn àti oníṣègùn, kí ẹ fi ojú ṣíṣí ṣe ìpinnu.

WÁ, SINMI

Orúkọ ìlú Wásinmi fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwàásù. Ohun tí Jésù ń pè wá sí nínú Mátíù 11:28 nìyẹn: kí gbogbo ẹni tí ẹrù wúwo ń pa wá sọ́dọ̀ òun, òun yóò sì fún wọn ní ìsinmi. Nínú Máàkù 6:31, ó pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí apá kan kí wọ́n sinmi díẹ̀, nítorí wọn kò tilẹ̀ ráyè jẹun. Jésù mọ̀ pé ó máa ń rẹ ẹni tó ń tọ́jú ẹlòmíràn.

Ìyá tí kò sùn láti àná, ìwọ ni Olúwa ń bá wí. Ìsinmi kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Bí arábìnrin kan bá ní òun yóò bá ọ ṣọ́ ọmọ lóru òní, má ṣe kọ̀. Gbà á bí ọwọ́ Olúwa. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fà á fún ẹkùn pa jẹ, ṣùgbọ́n ìyá tó bá ṣubú sẹ́bàá ibùsùn kò lè gbé ọmọ dìde.

Ọyẹ́ yóò tún dé. Ìgbàkígbà tó bá dé, kó bá gbogbo ará ilé yín nínú aṣọ òtítọ́, nínú aṣọ iṣẹ́ ọwọ́, nínú aṣọ ènìyàn àti nínú aṣọ àdúrà. Ilé bẹ́ẹ̀ kì í bẹ̀rù.

Kókó àdúrà:

1. Baba, mo dúpẹ́ fún gbogbo òru tí o ti bá wa ṣọ́ nínú ilé yìí.

2. Jésù Olúwa, fi ọwọ́ ìwòsàn rẹ kan gbogbo ọmọ SS nínú ìjọ wa àti ládùúgbò wa.

3. Ẹ̀mí Mímọ́, mú ẹ̀bi àti ìfura kúrò láàárín ọkọ àti aya, láàárín ìyá ọkọ àti ìyàwó.

4. Olúwa, fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ní ọgbọ́n àti àánú.

5. Baba, sọ mí di ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó ń gbé ibùsùn, ní orúkọ Jésù.

Ohun ṣíṣe: Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, wá ilé kan tí àìsàn wà. Mú ohun kan dání tó ń mú ara móoru, ìbáà ṣe búláńkẹ́ẹ̀tì, súwẹ́tà tàbí igi ìdáná. Bi wọ́n léèrè òru tí wọ́n fẹ́ kí o bá wọn ṣọ́ ọmọ, kí o sì lọ.